Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Ìyà Tó Ń Jẹ Àtọ́kẹ́

Bí ẹ bá bá Àtọ́kẹ́ nínú kànga tí omi ti mù ún dé ọrùn, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹ bi í pé ṣé kò sí wàhálà, ohun tí yóò sọ fún yín ni pé kò sí, a dúpẹ́, ilé yín ńkọ́? Kì í ṣe àbùmọ́. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àgbàlá kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa ní Diobu ní Port Harcourt, lẹ́yìn ọjà Mile 3. Bàbá tèmi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, bàbá tirẹ̀ ń jíṣẹ́ fún àwọn ọ̀gá kọ́sítọ̀ọ̀mù, ìyá rẹ̀ sì ti fà á létí léraléra pé kò gbọdọ̀ ro ìyà rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, pé ìyẹn àti kí obìnrin tú ìró sílẹ̀ lójú títì, bákan náà ni. Èmi Ganiyat ò gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bí eyín bá ń dùn mí, gbogbo ìlà tí mo ti ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ ni yóò gbọ́, títí kan àwọn alápatà tó wà ní òdìkejì.

Ọlọ́pàá ni Àtọ́kẹ́ fẹ́, Kọ́púrù Adégbóyèga. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí Ahoada, Àtọ́kẹ́ tẹ̀lé e, ibẹ̀ ló sì kú sí, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin kan, Doyinsọ́lá, ló fi sílẹ̀ fún un. Àtọ́kẹ́ kó gbogbo ohun tó kù jọ, ó fi ra ẹ̀rọ ìlọta. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa okùn ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò jí, yóò ká ìró sókè, yóò fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìdí rẹ̀, yóò sì fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Ata, ẹ̀wà, àgbàdo, kò sí ohun tí àwọn ará Ahoada kì í gbé wá bá a. Ẹ̀rọ yìí ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń rán Doyin nílé ìwé.

Nígbà tó di ọdún 2012, odò kún, omi ya wọ Ahoada, ó gbé ẹ̀rọ, ó gbé ilé. Àpótí kan ṣoṣo ni Àtọ́kẹ́ rù jáde, léèsì rẹ̀ kan ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti ọmọ rẹ̀ gúnlẹ̀, oníròyìn kan na ohun tí wọ́n fi ń gba ohùn sí i lẹ́nu, ó ní, "Madam, how una dey manage?" Àtọ́kẹ́, tí omi ń kán lára rẹ̀ tótótó, rẹ́rìn-ín músẹ́.

"We dey thank God, my brother," ló wí. "How your family?"

Ọ̀dọ̀ mi ló wá. Yàrá kan péré ni mo ní. Ọkọ mi Múrítàlá ń wa tírélà, bó bá sì ti ojú ọ̀nà dé, ó máa ń fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọjọ́ tó wọlé tó bá obìnrin méjì àti ọmọ lórí ẹní, ó kí wa dáadáa, ó mú ìfọyín rẹ̀, ó sì padà lọ sùn nínú tírélà ní gáréèjì. Ó ní yàrá òun ti di họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin. Ara fu Àtọ́kẹ́, ló bá fi Doyin ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìkirè. Ó ní ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́ Yorùbá tó dán mọ́rán. Lóòótọ́, Pidgin ló yọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tó fi lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ń wá bí yóò ṣe rí yàrá tirẹ̀ gbà, kí ó tó lè mú un padà wá.

Kò sì lè rí yàrá gbà láìsí ẹ̀rọ. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Àtọ́kẹ́ ò jẹ́ sọ ọ́ jáde. Bí a bá ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn alọta kọjá nínú ọjà, yóò dúró bí ẹni tí wọ́n pè, yóò tẹ́tí, yóò ní, "Bẹ́líìtì wọn ti dẹ̀." Lẹ́yìn náà yóò máa lọ. Mo bi í nígbà kan pé ṣé kí n bá a wá ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Kí ló ṣe mí?" Ó sì kọjú sí àwọn bọ́tìnì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, pupa lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́. Mo wá bọ́tìnì funfun tì ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ibinabo ló gbé ìròyìn dé. Ará Kalabari ni, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi, edé àti ìṣáwùrú ló ń tà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan ní Port Harcourt tí kì í kọ́kọ́ dé. Ó ní ẹgbẹ́ aláàánú kan wà tó ti ran àwọn obìnrin tó sá fún ogun Làìbéríà lọ́wọ́ rí, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí omi lé ni wọ́n bọ́ sí báyìí. Kì í ṣe gàrí ni wọ́n ń fún wọn. Irinṣẹ́ ni: maṣíìnì ìránṣọ, fíríìjì, ààrò búrẹ́dì, ẹ̀rọ ìlọta.

Bó ṣe dárúkọ ẹ̀rọ ìlọta, mo wo Àtọ́kẹ́. Ẹ̀wà ló ń ṣà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Hear me well," Ibinabo sọ fún un. "That your old wrapper wey tear, na im you go wear. No rub powder. When dem ask you question, make you cry small."

"I don hear, my sister," Àtọ́kẹ́ dáhùn. "Thank you."

Lọ́jọ́ tí a máa lọ, léèsì ló wọ̀. Ó kun àtíkè, ó wé gèlè. Mo bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé. Ó ní àwọn tí òun fẹ́ lọ bá, òun ò mọ̀ wọ́n rí, ṣé àkísà ni òun máa wá fi lọ kí wọn ni?

Ilé ìwé kan ní Rumuokwuta ni wọ́n ti ń bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣíwájú wa bú sẹ́kún kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ̀, inú mi sì dùn nítorí mo rò pé Àtọ́kẹ́ yóò rí i kọ́. Dípò ìyẹn, ó fún obìnrin náà ní omi mu, ó ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Nengi la bá lórí àga, ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, tó sì ní sùúrù.

"Mama, good morning. How you dey manage since the flood?"

"We dey manage well, my daughter. We thank God. How your mama?"

"She dey fine. Mama, the water spoil anything for you?"

"Na only load. Water no carry person, na im be the main thing."

"Where you dey sleep now?"

"For my sister house," Àtọ́kẹ́ ní, ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Fine house. Plenty breeze."

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Yàrá mi ò ní ju fèrèsé kan lọ, ilé ìdáná ẹlòmíì ló sì ṣí sí.

"So, Mama, wetin you want make we do for you?"

Àtọ́kẹ́ wo àwọn obìnrin tó tò lẹ́yìn wa, ó wo Nengi, ó rẹ́rìn-ín. "Anything wey una see," ló wí. "This work wey una dey do, e no easy. See, the line don scatter. Make I help una arrange am?"

Ẹ ò lè dá Nengi lẹ́bi. Ẹni tó bá rí obìnrin tó wọ léèsì, tí ìyà ò jẹ, tí ohun tí omi gbé lọ ò ká a lára, tó tún fẹ́ ran ni lọ́wọ́, kí ni yóò pè é? Ó rò pé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló rán an wá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí láyà, Àtọ́kẹ́ sì wọ̀ ọ́ lé léèsì. Títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló fi ń to àwọn obìnrin. Ó ń sọ Pidgin fún àwọn kan, ó ń fi Igbo díẹ̀díẹ̀ bẹ àwọn kan, ó ń fi ìwọ̀nba Ikwerre tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sábẹ́ igi, inú ń bí mi débi pé n kò lè jẹ ẹ̀pà tí mo rà.

Ọjọ́ tí wọ́n pín nǹkan, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é, nítorí wọ́n ti ń pè é ní Mama Volunteer. Ó lọ. Òun ló bá wọn gbé àwọn ẹ̀rọ ìlọta jáde, òun ló bá àwọn tó gbà á fa okùn rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Maruwa. Ó juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi lọ. Nígbà tó délé, ó ní oúnjẹ ò wu òun. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó jáde ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọṣẹ ló kó sí òun lójú. Ọṣẹ ń bẹ lórí fèrèsé nínú yàrá, kò mú un dání. Ó dùn mí gan-an. Mo bínú sí i, mo sì tún fẹ́ gbá a mọ́ra, n kò wá mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Nengi. Mo jókòó tì í, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un láti orí Kọ́púrù Adégbóyèga dé orí ọṣẹ. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan ṣẹ́ kù, pé obìnrin tó yẹ kó gbà á ti padà sílé àwọn ènìyàn rẹ̀. Àmọ́ òfin méjì wà. Àwọn gbọ́dọ̀ wá wo ibi tí ènìyàn ń gbé, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí ìyà tó ń jẹ ẹ́. Ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́. Ẹlòmíràn ò lè bá a tọrọ. Ó ní òun àti ọ̀gá òun, Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá, máa wá ní ọjọ́ Jímọ̀, àti pé bí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ yẹn máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mo ṣàlàyé fún Àtọ́kẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Nínú gbogbo àlàyé mi, ohun tó wọ̀ ọ́ létí ni pé àlejò ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti Ibinabo gbé tẹlifíṣọ̀n mi pa mọ́ sí yàrá rẹ̀. A ká kápẹ́ẹ̀tì. A já kọ́tìnì. A fi ẹní kan sílẹ̀ àti àpótí Àtọ́kẹ́, yàrá náà wá burú débi pé ó ń bà mí nínú jẹ́ pé ibẹ̀ ni mò ń gbé. Ibinabo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo sáré lọ gbé òwú fún télọ̀ kan lọ́jà, mo ní mo ń bọ̀.

Ìgbà tí mo padà dé, mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣi ilé wọ̀. Àga onítìmùtìmù mẹ́rin tí lándíloòdù máa ń jókòó sí wà níbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ti padà sílẹ̀, kọ́tìnì ti padà sójú fèrèsé, fáànù Ibinabo ń yí nígun yàrá. Àwọn àwo tánganran ìyàwó pásítọ̀ wà lórí tábìlì tí n kò mọ ẹni tó ni ín. Òórùn adìẹ gba gbogbo ilé.

"Àtọ́kẹ́, níbo lo ti rí adìẹ?"

Ó ń ro ìkòkò. Kò wojú mi. Mo ṣí àpótí rẹ̀. Léèsì ò sí níbẹ̀ mọ́.

"O ta aṣọ ẹ láti se adìẹ fún àwọn tó fẹ́ wá wò bóyá ìyà ń jẹ ẹ́?"

"Ganí, wọ́n á ti Trans-Amadi wá nínú oòrùn," ló wí. "Ṣé omi lásán ni kí n gbé fún wọn?"

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Akínọlá jẹ́ àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú kan tó tóbi, tí ojú rẹ̀ tutù. Nígbà tí Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀ kí i lédè Yorùbá, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó bi í ní ìlú rẹ̀, ó bi í ní ilé wọn, ó jókòó wọ inú tìmùtìmù, ó sì gba àwo. Nengi náà jẹun, àmọ́ èmi ló ń wò, bí ẹni pé mo fi irọ́ gbé e wá.

"Ìyá Doyin, ilé yìí tura o," Akínọlá wí, ó ń fi eyín jẹ egungun. "Ṣé ẹ̀yin náà ni wọ́n ní omi lé?"

"Èmi ni, sà. A dúpẹ́."

"Báwo lẹ ṣe wá ń ṣe é?"

"Ó ń lọ bó ṣe yẹ, sà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹran kún un fún yín."

Mo ti rí i pé ẹ̀rọ ti lọ. Ibẹ̀ ni lándíloòdù ti yọ orí sí ilẹ̀kùn. Ó kí gbogbo wa, ó ní kí Madam Àtọ́kẹ́ má bínú, pé àwọn àlejò òun náà ti dé. "I for leave am, but na eight of them come," ló wí. Ó gbé àga méjì tó ṣófo jáde. Ó padà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nengi. Nengi dìde. Ó gbé àga rẹ̀. Nígbà tó tún dé, Akínọlá ti dìde fúnra rẹ̀, ó di àwo mú láyà, ọkùnrin náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtọ́kẹ́ ní kí wọ́n má bínú, pé atẹ́gùn dára jù fún ẹni tó bá wà lórí ìdúró.

Ló bá ku ìyàwó pásítọ̀. Ìyẹn wá mú àwo rẹ̀ nítorí ìpàdé àwọn ìyá. Ó rí i pé ẹran ṣì wà nínú ọ̀kan, ó ní kí ọ̀gá máa jẹ ẹ́ lọ, òun máa dúró. Ó sì dúró lóòótọ́, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà títí ó fi kó ẹran tó kù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì gbé àwo fún un. Ẹni tó ni tábìlì dé tẹ̀lé e. Níkẹyìn Ibinabo, tó rò pé fáànù náà ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, wọlé wá láìkí ẹnikẹ́ni, ó yọ ọ́ nínú iná, ó sì gbé e lọ nígbà tó ṣì ń yí.

A wá dúró nínú yàrá náà, àwa mẹ́rin, ooru mú wa. Egungun adìẹ wà lọ́wọ́ Akínọlá, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ìyá Doyin," ó wí pẹ̀lẹ́, "kí ló kù nínú ilé yìí tó jẹ́ tiyín?"

Àtọ́kẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àpótí yẹn ni, sà."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀ lónìí, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nengi sún mọ́ ọn. "Mama, abeg, talk am with your own mouth. Wetin you want?"

Mo fi eyín di ahọ́n mi mú, nítorí Nengi ti sọ fún mi pé ẹlòmíràn ò lè bá a tọrọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi. Mo rí i tó ń wá ohun tó máa sọ. Mo rí i tí ètè rẹ̀ fẹ́ gbé "a dúpẹ́" jáde. Ó wò mí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Sà," ó wí, ó kúnlẹ̀. "Tèmi ò le. Obìnrin yìí ni kí ẹ bá mi ràn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ ò sun inú ilé mọ́, inú mọ́tò ló ń sùn nítorí mi. Tí oúnjẹ bá kéré, á ní òun ti jẹun lọ́jà. Irọ́ ló ń pa, mo mọ̀. Kò sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ kan pé kí n máa lọ. Ó ń jìyà, sà. Ẹ fún mi lẹ́rọ ìlọta, kí n lè kúrò nílé ẹ̀, kí ó sinmi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ó rò pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ojú ló tì mí. Kí ẹnìkan dúró níwájú àlejò kó máa sọ pé èmi Ganiyat ń jìyà, pé oúnjẹ kéré nílé mi? Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀. "Ẹ má dá a lóhùn, sà," mo wí. "Ìyà wo? Yàrá yìí gbà wá dáadáa. Ọkọ mi ló fẹ́ràn tírélà."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí ọwọ́ Ibinabo fi bò mí lẹ́nu láti ẹ̀yìn, òórùn edé sì wọ̀ mí nímú. Obìnrin náà ò lọ jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà látàárọ̀. "Oga, no mind this one," ló wí. "She talk am. All of us hear am."

Akínọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ tó di egungun mú nu ojú. Ó ní òfin sọ pé kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń fẹ́, kò sọ pé nítorí ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀rọ dé.

Rumuokwuta ni Àtọ́kẹ́ gbé e lọ, ẹ̀gbẹ́ oríta níbi tí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ti ń ra ata. Kò pẹ́ tó fi gba yàrá, tó sì mú Doyin padà wá láti Ìkirè pẹ̀lú Yorùbá tí kò yàtọ̀ sí èyí tó gbé lọ. Múrítàlá padà sórí ẹní rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ bó ṣe wù ú, ó ń hanrun. Bọ́tìnì mi ti dà pọ̀ mọ́ra padà. Ibi tí mo bá fi nǹkan sí ni mo ń bá a.

Ọjọ́ kan mo mú abọ́ ńlá kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Rumuokwuta. Ó ń lọta fún èrò, mo dúró títí ó fi kàn mí. Ó na ọwọ́ gba abọ́, ó wo inú rẹ̀.

"Ganí, ata dà?"

"Mi ò ní ata," mo pariwo fún un, nítorí ẹ̀rọ ń ké. "Ilé ti dákẹ́ jù."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà títí ó fi kú. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Àárò ẹ ń sọ mí," Àtọ́kẹ́ wí. "Mi ò gbádùn yàrá tí mo gbà yẹn. Mo kàn ń sunkún lálẹ́ ni."

Ó sì sún síwájú lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ kí n lè jókòó.